William Beaumont, dókítà ológun tí ìwé kan ṣoṣo sọ di ẹni ńlá nínú ìmọ̀ ìtọ́jú ikùn

Àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí lórí àrùn ikùn ní bí wọ́n ṣe ń wọn ara wọn. Wọ́n á ka iye iṣẹ́ tí ẹnì kan kọ jáde, wọ́n á tún ka iye ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí i. Bó bá jẹ́ ti iye ìwé ni, William Beaumont kò ní pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni: àpilẹ̀kọ díẹ̀ àti ìwé kan. Ṣùgbọ́n ìwé náà, tó jáde ní 1833, wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìlú Lebanon, ní Connecticut ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Beaumont sí ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1785. Kò lọ sí yunifásítì. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Vermont, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó gba ìwé àṣẹ ní 1812, ogun sì bẹ́ láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn, ni ó bá wọ iṣẹ́ ológun.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti di dókítà àwọn sójà ní erékùṣù Mackinac, lẹ́bàá Kánádà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì dún nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ra awọ ẹranko. Alexis St. Martin ló bà, ọmọ Kánádà kan tó ń tukọ̀ fún àwọn oníṣòwò awọ. Ọta náà fọ́ egungun ìhà òsì rẹ̀, ó sì lu àpòlúkù rẹ̀ jáde. Beaumont rò pé kò ní yè é. Ó yè é. Egbò náà jinná yí ká, àmọ́ ihò tó wọnú àpòlúkù kò dí mọ́. Nígbà tó yá, awọ pẹlẹbẹ kan hù bò ó bí ìlẹ̀kùn. Èèyàn lè fi ìka tì í, kí ó sì máa wo inú.

Alexis kò lè tukọ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò sì fẹ́ náwó lé e lórí mọ́. Beaumont gbà á sílé, ó ń bọ́ ọ, ó sì ń lò ó fún iṣẹ́ ilé. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Joseph Lovell, ọ̀gá àwọn dókítà ológun. Nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Philadelphia tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1825, orúkọ Lovell ni wọ́n fi sí i. Àṣìṣe ni, àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ èèyàn ṣe lè sọnù bẹ́ẹ̀!

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni àyẹ̀wò gan-an bẹ̀rẹ̀. Beaumont so ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì àti kábéèjì tútù mọ́ òwú sẹ́dà, ó sọ wọ́n sínú ihò náà, ó sì ń fà wọ́n jáde wò látìgbàdégbà. Nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn: àwọn kan ní ńṣe ni àpòlúkù ń lọ oúnjẹ bí ọlọ, àwọn kan ní ńṣe ni oúnjẹ ń rà nínú rẹ̀. Beaumont fa omi inú àpòlúkù náà sínú ìgò, ó mú kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ó sì ju ẹran sí i. Ẹran náà yọ́, bó tilẹ̀ pẹ́ ju ti inú ikùn lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi omi náà ránṣẹ́ sí ní Amẹ́ríkà rí ásíìdì nínú rẹ̀, èyí tí Prout ará ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ní 1824.

Àyẹ̀wò 238 ló wà nínú ìwé náà. Ìrẹsì sísè yọ́ ní wákàtí 1. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n yan gba wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15. Ó rí i pé bí Alexis bá bínú, ara àpòlúkù á yí padà, oúnjẹ kò sì ní dà dáadáa. Ó rí i pé ọtí líle ń mú inú rẹ̀ pọ́n, kódà nígbà tí Alexis kò mọ ohun kan lára.

Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Jámánì ní 1834, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Scotland ní 1838. Ní ilẹ̀ Faransé, Blondlot lu irú ihò bẹ́ẹ̀ sára ajá láti fi ṣèwádìí, Pavlov ará Rọ́ṣíà náà sì tọ ọ̀nà yẹn kó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904.

Alexis ńkọ́? Ní 1832, wọ́n bá a ṣe àdéhùn dọ́là 150 lọ́dún, oúnjẹ àti aṣọ lọ́tọ̀. Kò mọ̀wé, àmì ló fi sí i. Lójú tiwa, owó náà kéré sí ohun tí wọ́n rí gbà lára rẹ̀. Ó fi Beaumont sílẹ̀ lọ sílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti láti 1834, kò padà wá mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Beaumont fi ń kọ lẹ́tà bẹ̀ ẹ́.

Beaumont yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní St. Louis, ó sì kú ní oṣù kẹrin ọdún 1853. Alexis wà láyé títí di 1880, ó bí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Nígbà tó kú, àwọn dókítà fẹ́ gba òkú rẹ̀ láti fi wo àpòlúkù náà. Ẹbí rẹ̀ kò gbà. Wọ́n jẹ́ kí òkú náà jẹrà kí wọ́n tó sin ín, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn gan-an kí ẹnikẹ́ni má baà wá hú u.