Lamborghini: Ọmọ àgbẹ̀ tó fi èrè katakata ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ Lamborghini mọ́. Ṣùgbọ́n katakata tí àwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ ni Ferruccio Lamborghini kọ́kọ́ fi di olówó ní orílẹ̀-èdè Ítálì.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Renazzo, lẹ́bàá ìlú Cento. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ irin ló wu ọmọ náà ju oko lọ. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe mẹkáníìkì fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ní erékùṣù Rhodes, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un nígbèkùn. Nígbà tó padà sílé, àlòkù ọkọ̀ ológun ló ń tú, tó ń fi wọ́n ṣe katakata. Ọdún 1947 ni Clelia ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ wọn, Tonino. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló dá ilé iṣẹ́ katakata sílẹ̀.

Owó dé, ó ra Ferrari. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí òun gbádùn, àti pé nígbà tí òun fẹjọ́ sun Enzo Ferrari, ńṣe ni onítọ̀hún ní kí òun gbájú mọ́ katakata òun. Lọ́dún 1963, ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sant'Agata Bolognese.

Ọkọ̀ tó tura fún ìrìn àjò ni baba náà fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbà síṣẹ́, Gian Paolo Dallara, Paolo Stanzani àti Bob Wallace tó ń wa ọkọ̀ wò, ní tiwọn, ọkọ̀ tó jọ ti eré ìje ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdábùú lẹ́yìn ìjókòó. Marcello Gandini ti ilé iṣẹ́ Bertone ya ara rẹ̀. Nígbà tí Miura yìí jáde ní Geneva lọ́dún 1966, ńṣe ni èrò ń rọ́ lọ wò ó.

Ẹni tó ka àléébù ọkọ̀ ẹlòmíràn wá ní tirẹ̀ láti tún ṣe. Iwájú ni táńkì epo wà. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀, iwájú ọkọ̀ a máa fúyẹ́ lórí eré, èyí tó léwu gidi. Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti gíà jọ ń lò, bí irin bá rún nínú gíà, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe. Agbára ẹṣin 350 ló kọ́kọ́ ní. Miura S ti 1968 ní 370, SV ti 1971 sì ní 385. Wọ́n fẹ ẹ̀yìn SV, wọ́n fi táyà tó gbòòrò sí i, wọ́n sì ya ọ́ìlì méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àwọn tó gbẹ̀yìn. SV yìí ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó dára jù nínú wọn.

Àsìkò náà gan-an ni owó ń dá a lágara. Orílẹ̀-èdè Bolivia bèèrè katakata rẹpẹtẹ, wọ́n yí ọwọ́ padà nígbà tí ìjọba yí, gbèsè sì wọlé. Lọ́dún 1972, ó ta ìpín 51 nínú 100 ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ta èyí tó kù lọ́dún 1974.

Ó padà sídìí oko, ní Panicale ní agbègbè Umbria, ó gbin àjàrà. Ẹ̀jẹ̀ Miura ló sọ ọtí tó ń fún níbẹ̀. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 76.