Ìgbésí Ayé Erich Kästner (1899–1974), Òǹkọ̀wé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún Àwọn Ọmọdé Jámánì

Ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí a kọ fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Jámánì kò lè ṣe é kí ó má dárúkọ Erich Kästner. Ìwé rẹ̀ kan, Emil und die Detektive, èyí tí ó jáde ní ọdún 1929, ni ó sọ irú ìtàn yìí di ohun tí tọmọdé tàgbà ń kà ní ilẹ̀ náà. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n ti bá Lápàdé rìn nínú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ̀ pé àgbàlagbà tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí ni olú ẹ̀dá ìtàn ibẹ̀. Nínú ìwé Kästner, ọmọ iléèwé ni. Èyí kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Inú ìgbésí ayé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó ti jáde wá, ohun tí a sì fẹ́ pe àkíyèsí sí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lógún ju ti ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé mìíràn lọ, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kẹ̀yìn sí i.

A bí Emil Erich Kästner ní ọjọ́ 23, oṣù Èrèlé, ọdún 1899, ní ìlú Dresden tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Jámánì. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Emil, kọ́ iṣẹ́ gàárì ẹṣin ṣíṣe dójú àmì, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà, ó sì di òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àpótí ìrìn-àjò. Ida, ìyá rẹ̀, ni òpó ilé. Nígbà tí owó tí ọkọ ń mú wálé kò tó, obìnrin yìí ń gba iṣẹ́ ìránṣọ ṣe nínú ilé. Nígbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó lọ kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe, ó sì ń ṣe irun fún àwọn obìnrin nínú yàrá òun fúnra rẹ̀ àti ní ilé àwọn oníbàárà. Wọ́n tún ń fi yàrá kan háyà fún àwọn olùkọ́. Olùkọ́ ni ọmọ náà ń rí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ìwé àti yíǹkì wọn ni ó ń fi ojú rí, ìdí nìyí tí ó fi ti kékeré máa sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni òun yóò ṣe.

Erich nìkan ni Ida bí. Ìfẹ́ tí ó ní sí i kọjá ààlà, ó sì di ẹrù lórí ọmọ náà. Ìbànújẹ́ ọkàn a máa bá obìnrin yìí jà. Nígbà mìíràn tí Erich bá ti ilé ìwé dé, ìwé pélébé kan ni yóò bá, èyí tí ìyá rẹ̀ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní padà wálé mọ́. Ọmọdé náà yóò fi ẹkún sáré gba ìgboro kọjá lọ sí àwọn afárá odò Elbe, níbẹ̀ ni yóò sì ti bá a tí ó dúró, tí ó ń wo omi. A lè sọ pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àkọ́kọ́ tí Kästner ṣe láyé ni wíwá ìyá rẹ̀ rí.

Èkejì kò burú tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, Als ich ein kleiner Junge war, tí ó jáde ní ọdún 1957, ó ròyìn obìnrin kan tí ó wá fi iṣẹ́ ńlá lọ ìyá rẹ̀, pé kí ó wá ṣe irun fún ìyàwó àti àwọn èrò ìgbéyàwó. Nígbà tí ìyá dé ibẹ̀, kò sí ìgbéyàwó, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Erich rí obìnrin náà ní ìgboro, ó yọ́ tẹ̀ lé e dé ilé ìtajà tí ó ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ṣe tú tí ó sì di dandan fún un láti san gbèsè tí ó jẹ. Ìyá tí ń ṣe irun, owó òógùn ojú tí ẹlòmíràn fẹ́ jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ tí ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn: gbogbo èròjà ìwé Emil ti pé sílẹ̀.

Ní ọdún 1913, Kästner wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní Dresden. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kò yàtọ̀ sí bárékè lójú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé olùkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun. Ẹni tí ìjọba ń wá ni ẹni tí yóò gbọ́ràn, tí yóò sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti gbọ́ràn láìbéèrè ìdí. Ní ọdún 1917, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun. Ìyà tí ọ̀gá tí ń kọ́ wọn ní ìmúra ogun fi jẹ ẹ́ sọ ọ́ di alárùn ọkàn. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dúró níwájú kíláàsì, ó rí i pé ẹni tí ń fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni òun, òun kì í ṣe ẹni tí ń fẹ́ kọ́ni. Àwọn olùkọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń wò ó kò fura. Àwọn ọmọ ni ó fura. Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ rí ni yóò mọ bí ojú àwọn ọmọ ti máa ń rí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́yìn gbogbo owó tí wọ́n ti ná. Ìyá náà kò bá a wí, ó gbà.

Ó lọ sí yunifásítì Leipzig ní ọdún 1919, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1925. Ó ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn ní ìlú náà títí di ọdún 1927, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀ lé e lọ nítorí ewì ìfẹ́ kan tí wọ́n kà sí ìwà àìbójúmu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ayàwòrán Erich Ohser, ni ó ya àwòrán sí ewì náà. Kästner kó lọ sí Berlin. Láàárín ọdún díẹ̀, ewì rẹ̀ tí ó ń fi àwọn ológun àti àwọn olówó ṣe yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Níbẹ̀ ni Edith Jacobsohn, obìnrin tí ó ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Williams, ti rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìwé kan fún àwọn ọmọdé.

Ìtàn Emil kò lọ́jú pọ̀. Opó kan tí ń ṣe irun ní ìlú kékeré fi ọmọ rẹ̀, Emil Tischbein, ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Berlin pẹ̀lú 140 máàkì. Emil fi píìnì kan owó náà mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Oorun gbé e lọ nínú ọkọ̀ ojú irin; nígbà tí ó jí, owó ti lọ, ọkùnrin onífìlà líle tí wọ́n jọ jókòó náà sì ti lọ. Ọmọ náà kò lè fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nítorí pé òun náà ti fi ọ̀dà kun imú ère ọlọ́lá kan ní ìlú wọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò mú òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ olè náà lẹ́yìn ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Gustav, ọmọkùnrin kan tí ń fọn fèrè ọkọ̀, bá a pàdé, ó sì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n dá owó jọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ń jẹ́ Dienstag, tí ó túmọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jókòó ti tẹlifóònù ní ilé, kò rí olè sójú rárá, ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí pẹ́ nínú ìwé náà ni ibi tí àwọn ọmọ ti ń jiyàn bóyá kí wọ́n kàn yọ́ jí owó náà padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Professor kọ̀ jálẹ̀: ẹni tí ó bá yọ́ mú nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti di olè, ì báà jẹ́ ọwọ́ olè ni ó ti mú un. Nítorí náà ni wọ́n kò ṣe fi ọwọ́ kan ọkùnrin náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ bí ọgọ́rùn-ún tú síta, wọ́n yí i ká, wọ́n ń bá a rìn ní gbangba títí ó fi sá wọ báńkì. Ojú ihò píìnì tí ó wà lára owó ni ẹ̀rí tí Emil fi hàn. Àṣé adigunjalè báńkì tí ọlọ́pàá ti ń wá ni, ẹ̀bùn 1,000 máàkì sì wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin tí kò rí ara rẹ̀ bí olùkọ́ ti fi kíláàsì kan hàn wá níhìn-ín tí kò sí olùkọ́ níbẹ̀, tí ìlànà sì wà. Kästner fi ara rẹ̀ sínú ìtàn náà pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn kan tí ó bá Emil san owó ọkọ̀.

Walter Trier ni ó ya àwọn àwòrán inú ìwé náà. Wọ́n sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Gerhard Lamprecht sì fi ṣe fíìmù ní ọdún 1931; Billy Wilder, ẹni tí ó wá lókìkí ní Hollywood lẹ́yìn náà, ni ó kọ ìwé eré rẹ̀. Ọmọdé kan ní Berlin, Hans Löhr, ti kọ lẹ́tà sí Kästner lẹ́yìn tí ó ka ìwé náà. Òun ni ó ṣe ipa Dienstag nínú fíìmù, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn láti ìgbà náà lọ.

Hitler gba ìjọba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1933. Ní ọjọ́ 10, oṣù Èbìbí ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dáná sun ìwé ní Berlin. Kästner dúró láàárín èrò, ó gbọ́ bí wọ́n ti pe orúkọ òun, ó sì rí i bí ìwé òun ti ń jóná. Emil nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fojú fò, nígbà tí ó yá wọ́n fi òfin de òun náà. Edith Jacobsohn àti Walter Trier, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Júù, sá lọ sí London. Obìnrin náà kú síbẹ̀ ní ọdún 1935. Kästner kò sá. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí òun lè kọ ìtàn ìgbà náà. Ìyá rẹ̀ sì wà ní Dresden, tí ó ń kọ lẹ́tà sí lójoojúmọ́ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Gestapo mú un tí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n ti ń tẹ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1942, wọ́n gbà á láyè láti kọ fíìmù Münchhausen lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí wọ́n tó fòfin dè é pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ọgọ́rùn-ún láti yí olè ká ní gbangba, kí ni ó ṣe nígbà tí olè gba orílẹ̀-èdè rẹ̀? Lójú tèmi, kò tọ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ dá a lẹ́bi dídákẹ́, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi ohun tí dídákẹ́ ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ hàn. Erich Ohser àti Erich Knauf fi Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹnì kan gbọ́, ó sì lọ fi wọ́n sùn. Ní ọdún 1944, Ohser gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú túbú kí ìdájọ́ tó dé. Wọ́n bẹ́ Knauf lórí. Ṣùgbọ́n owó fíìmù tí Kästner gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ìjọba yẹn ń darí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ inú fíìmù náà ńkọ́? Hans Schaufuß tí ó ṣe Gustav kú sójú ogun ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1941. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1942, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú tí Rolf Wenkhaus wà nínú rẹ̀, òun ni ó ṣe Emil. Ní oṣù Ògún ọdún náà, Hans Löhr kú ní Rọ́ṣíà. Ọmọ ogún ọdún ni.

Lẹ́yìn ogun, Kästner gbé ní Munich. Ó ṣe olóòtú apá àṣà nínú ìwé ìròyìn Neue Zeitung àti ìwé ìròyìn fún àwọn ọ̀dọ́, ó ran Jella Lepman lọ́wọ́ lórí ilé ìkàwé àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣí ní ọdún 1949, ó kọ Das doppelte Lottchen ní ọdún kan náà, ó sì gba ẹ̀bùn Hans Christian Andersen ní ọdún 1960. Àwọn àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ nípa òpin ogun jáde ní ọdún 1961. Ìwé ìtàn ńlá nípa ìjọba Hitler, èyí tí ó ní ìtorí rẹ̀ ni òun fi dúró, kò kọ ọ́. Ó kú ní Munich ní ọjọ́ 29, oṣù Agẹmọ, ọdún 1974.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Europa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré àfetígbọ́ Die drei ??? jáde, láti inú ìwé tí Robert Arthur, ọmọ Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ́ TKKG tẹ̀ lé e ní ọdún 1981, ọmọ mẹ́rin ni tiwọn. Kásẹ́ẹ̀tì wọn wọ yàrá àwọn ọmọ Jámánì ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ, àwọn tí ó gbọ́ wọn ní kékeré sì ṣì ń gbọ́ wọn lágbà. A ti sọ Emil náà di eré àfetígbọ́, a sì tún un ṣe ní fíìmù ní Jámánì ní ọdún 1954 àti 2001. Nínú ti ọdún 2001, ọmọbìnrin ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà.