Ho Chi Minh: Ẹni Tí Wọn Kò Dá Lóhùn

Bí a bá dárúkọ ogun Fiẹtnám, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí. Ṣùgbọ́n iná ogun náà ti ń jó kí Amẹ́ríkà tó dé ibẹ̀. Ìgbésí ayé Ho Chi Minh ni yóò jẹ́ kó yé wa bó ṣe ràn.

Ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní agbègbè Nghe An, ọmọ ọ̀mọ̀wé kan. Àwọn Faransé ló ń jọba lé wọn lórí nígbà náà. Ìjọba nìkan ló láṣẹ lórí òwò iyọ̀ àti ọtí, owó orí sì ń ni tálákà lára. Ní 1911, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Faransé kan ní Saigon, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ọkọ̀ náà. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kó tó padà tẹ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ní 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára pàdé ní Versailles. Òun náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ. Wọn kò tilẹ̀ béèrè òmìnira níbẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí òfin kan náà de Faransé àti ọmọ Fiẹtnám, kí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, kí ìwé ìròyìn lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Ẹ̀bẹ̀ náà já sí pàbó. Nígbà tó di 1920, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Faransé sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló gbé e débẹ̀, kó rántí ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Ó padà sílé ní 1941, ó fara pamọ́ sínú ihò àpáta ní Pac Bo, lẹ́bàá ààlà Ṣáínà, ó sì dá ẹgbẹ́ Viet Minh sílẹ̀ láti bá Faransé àti Jàpáànì jà. Ìyàn ńlá mú ní àríwá ní 1945, àìmọye ènìyàn ló kú. Nígbà tí Jàpáànì túúbá, Ho kéde òmìnira ní Hanoi ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1945. Ọ̀rọ̀ inú ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ló fi bẹ̀rẹ̀ ìkéde náà! Ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Truman léraléra. Truman kò fèsì. Amẹ́ríkà ń fẹ́ Faransé lọ́rẹ̀ẹ́ ní Yúróòpù nítorí Rọ́ṣíà.

Faransé padà wá. Ho fúnra rẹ̀ lọ bá wọn jókòó nílẹ̀ wọn ní 1946, ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Faransé rọ̀jò àgbá sórí ìlú Haiphong. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ogun ti bẹ́.

Ọdún 1950 gan-an ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ṣáínà, tó ti bọ́ sọ́wọ́ Mao, bẹ̀rẹ̀ sí í fún Viet Minh ní ohun ìjà. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún Faransé lówó. Ìjà láàárín ọ̀gá àti ẹni tó ń sìn ín wá di ìjà àwọn erin méjì. Faransé kó àwọn ọmọ Mòrókò, Àlgéríà àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí wà lára wọn, láti lọ gba òmìnira ẹlòmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Dien Bien Phu, àwọn ọmọ ogun Giap fi ọwọ́ wọ́ àgbá gun òkè. Faransé túúbá níbẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún 1954. Kí ọdún náà tó parí, Àlgéríà ti dìde.

Àdéhùn Geneva pín Fiẹtnám sí méjì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó dìbò ní 1956. Ngo Dinh Diem tó wà ní gúúsù kọ̀ láti dìbò, Amẹ́ríkà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn mìíràn tún tì nìyẹn.

Ọwọ́ Ho náà kò mọ́ tán. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń pín ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ láàárín 1953 sí 1956, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n pa, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ní 1965, sójà Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Da Nang; nígbà tó fi máa di 1968, wọ́n ti ju 500,000 lọ. Bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Laos àti Cambodia pẹ̀lú. Ho kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 1969, ogun kò tíì parí. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n sun òkú òun. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀: inú àpótí gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní Hanoi, àwọn èrò sì ń tò lọ wò ó.