Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìkórìíra àti Ìlàjà

Àwa tí a ń ná ọjà Àlàbá Rago mọ̀ pé Haúsá, Yorùbá àti Ìgbò ló ń pàdé níbẹ̀. Bí ẹni méjì bá jà, kì í pẹ́ tí ẹnu ayé fi ń sọ ọ́ di ìjà ẹ̀yà. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn yìí wá.

Ní Òṣogùn ni wọ́n bí Àjàyí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní 1821 àwọn ológun ya wọ ìlú náà, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Fúlàní wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825.

Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, níbi tí ọ̀nà tó gba Òkòkomáíkò wa kọjá ń lọ. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ wo irú ẹkún ayọ̀ tí yóò jẹ́!

Ó ní ìdí láti kórìíra. Dípò èyí, ó kọ́ èdè Haúsá, ó sì bá àwọn ọba àti àwọn àáfà Mùsùlùmí lẹ́bàá odò Ọya sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Síbẹ̀ kò bo ibi mọ́lẹ̀. Ó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú, ó sì bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú ní 1851.

Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fojú tín-ín-rín rẹ̀, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891, a kò sì fi ọmọ Áfíríkà rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014 ni Justin Welby, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà, tó sì tọrọ àforíjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Crowther kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyá, ìdáríjì kì í ṣe ìbòmọ́lẹ̀. Bí ìkórìíra bá pa ẹnìkan lára láàárín wa, ohun tó bá jẹ́ ti ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n nìkan kì í tún àdúgbò ṣe. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá gbà, kí Séríkí, ìyálọ́jà, lemọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Kí ẹni tó farapa sọ ọgbẹ́ rẹ̀ jáde. Kí ẹni tó ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kó sì san ohun tó bàjẹ́. Kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan fìyà jẹ gbogbo ẹ̀yà. Kí a sì ṣe é nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́.

Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.