Bobby Jones: ọkùnrin tó ka ẹ̀bi sí ara rẹ̀ lọ́rùn, tó sì pàdánù ife-ẹ̀yẹ

Ìlú Atlanta lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Bobby Jones, ọ̀gá nínú eré gọ́ọ̀fù, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1902. Amòfin ni, kò fi gọ́ọ̀fù wá oúnjẹ òòjọ́. Síbẹ̀, lọ́dún 1930, ó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá mẹ́rin lọ́dún kan ṣoṣo.

Àmọ́ ife-ẹ̀yẹ tó pàdánù la fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí. Pápá fẹ̀, adájọ́ kò lè tẹ̀lé gbogbo ènìyàn, òtítọ́ eléré ni wọ́n gbára lé. Lọ́dún 1925, níbi ìdíje US Open ní Worcester, bọ́ọ̀lù Jones yí díẹ̀ nínú koríko bó ṣe fẹ́ gbá a. Kò sẹ́lòmíràn tó rí i. Jones ní dandan, kí wọ́n ka ọ̀kan mọ́ òun. Nígbà tí wọ́n parí, òun àti Willie Macfarlane jọ ní 291. Ká ní ó dákẹ́ ni, 290 ni ìbá ní, òun ni ìbá sì gba ife. Wọ́n tún ìdíje náà gbá, Macfarlane sì fi ẹyọ kan ṣoṣo borí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kan òṣùwọ̀n. Wọ́n máa ń fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù gbá tó ẹlòmíràn ní ẹ̀dín, kí wọ́n lè jọ díje. Àwọn kan a máa díbọ́n bí òpè kí ẹ̀dín wọn lè pọ̀, kí wọ́n lè kó ẹ̀bùn lọ. Wọn kò yàtọ̀ sí ẹni tó lu ìdí òṣùwọ̀n gàrí wọnú. Nítorí wọn ni ẹlòmíràn fi ń fọwọ́ sí ìwé iye ẹni, tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sì lè gé ẹ̀dín kù tàbí kó gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn sọ Jones di ẹni orí kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì kú lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1971. Láti ọdún 1955 ni àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá àwọn eléré tó níwà lọ́lá. Ife ọdún 1925 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rere kò bọ́.