Matthew Arnold, Alábẹ̀wò Ilé-Ẹ̀kọ́

Ó rọrùn fún olùkọ́ni láti gbàgbọ́ pé ọmọ tí ó ka ìwé rẹ̀ já geere ti mọ ohun tí ó kà. Ọmọ dìde, ó ka ìtàn kékeré kan láìkọsẹ̀, a ní kí ó jókòó, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbà pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Matthew Arnold ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn ewì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akéwì. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ní ìdí mìíràn láti mọ̀ ọ́n, nítorí ọdún 35 gbáko ni ó fi ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wò.

A bí i ní Laleham, lẹ́bàá odò Thames, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 1822. Thomas Arnold, bàbá rẹ̀, di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Rugby ní 1828, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Matthew kàwé ní Rugby, ó sì lọ sí Oxford, ṣùgbọ́n fàájì àti aṣọ dáradára wù ú púpọ̀ nígbà náà, kò sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ní 1844. Ní 1851 ó fẹ́ gbé Frances Lucy Wightman níyàwó, kò sì ní owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà ilé. Lord Lansdowne, ẹni tí ó ń ṣe akọ̀wé fún, bá a wá iṣẹ́ alábẹ̀wò lọ́dọ̀ ìjọba. Nítorí náà àtijẹ ni ó gbé e dé ẹnu iṣẹ́ yìí. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà dé lẹ́yìn.

Iṣẹ́ náà kò fúyẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Wẹ́sílì àti ti àwọn ìjọ mìíràn tí kò sí lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ni a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì tàn ká ilẹ̀ náà lọ́nà jíjìn. Láti inú ọkọ̀ ojú-irin kan bọ́ sí òmíràn ni ó ń lọ, tí ó ń gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọdé, tí ó sì ń yẹ òkìtì ìwé ìdánwò wò. Ó dán àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni wò pẹ̀lú. Ó rí i pé, bí a bá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ṣìnà.

Ní 1862 ni òfin tuntun dé láti ọwọ́ Robert Lowe. Òfin náà so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ ìdánwò ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tí ó wà ní ipele kìn-ín-ní yóò ka ìtàn kékeré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Bí ó bá kùnà, ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8 bọ́ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ olùkọ́ni ṣe wà ní ẹnu ọmọ kékeré.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ya Arnold lẹ́nu. A mú ìwé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn ọmọ sì ń kà á ní àkàtúnkà títí ọdún fi yí po. Nígbà tí alábẹ̀wò dé, wọ́n kà á bí odídẹ. Fi ìwé mìíràn lé wọn lọ́wọ́, wọn kò lè lọ. Òfin rí ohun tí ó ń fẹ́, owó wọlé, ọmọ kò sì rí nǹkan kan mú lọ sílé. Arnold kò di ẹ̀bi náà ru àwọn olùkọ́ni. Òfin ni ó bá wí. Ó kọ̀wé tako o nínú ìwé ìròyìn kan ní ọdún 1862 náà, láìfi orúkọ sí i, nítorí iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó ń tún un sọ nínú ìròyìn tí ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ dé Èkó nínú Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí ó so apá kan owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò.

Arnold rí ìbànújẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì kú ní 1868, òmíràn kú ní 1872. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí di 1886. Ó kú lójijì ní Liverpool ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, 1888, níbi tí ó ti lọ pàdé ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tú òfin náà ká.

Kí ni àwa yóò rí mú nínú ìgbésí-ayé yìí? Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá Àìná lọ sí ọjà, ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún Àìná. Òjò ṣú. Ó gbé ọmọ kalẹ̀, ó sáré kó èlùbọ́ wọlé. Nígbà tí ó dé, ó bá ọmọ tí ń ké, ó wo èlùbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọmọdé lè ka èyí láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ẹni tí ó kó èlùbọ́ wọlé, àti ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó kan náà ni ìwé pe ìyá, òun náà ni ó pe Àìná. Ẹni tí òye yé nìkan ni yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ bi í léèrè ìdí tí ìyá kò fi bínú nígbà tí ọmọ ń ké: ìwé kò sọ ọ́, ọmọ ni yóò fa á yọ. Lẹ́yìn náà kí ó pa ìwé dé, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Kí a sì fún un ní òmíràn tí kò rí rí.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí alábẹ̀wò yóò wọ kíláàsì wa. Kí ó tó dé, ẹ jẹ́ kí àwa fúnra wa ti jẹ́ alábẹ̀wò òtítọ́ fún àwọn ọmọ tí a fi lé wa lọ́wọ́.