AL-BIRUNI: ÀFÁÀ TÍ Ó FI OMI DÁN WÚRÀ WÒ

Nínú ìtàn àwọn àgbà onímọ̀ tí a ti ń mú bọ̀, ti Abu Rayhan Muhammad ọmọ Ahmad, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Al-Biruni, ni ó kàn lóṣù yìí. Ohun tí ó jẹ́ kí a tètè mú un síwájú ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa ní Òmù-Àrán níhìn-ín wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ jáwọ́ nínú físíìsì tí òun ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì. Ìdí tí ó wí ni pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni, kò sì lè ran ẹni tí ó fẹ́ di àfáà lọ́wọ́. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a rí i pé kì í ṣe ìyẹn nìkan. Dẹ́ńsítì ni kò yé e, ó sì ti gba òdo nínú ìdánwò.

A rán an lọ sí ọjà kí ó lọ gbé kóńgò iyọ̀ kan àti kóńgò gàrí kan wò. Kóńgò kan náà ni, àyè kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé wọn lọ́wọ́ mọ̀ pé iyọ̀ wúwo ju gàrí lọ. Bí nǹkan ṣe wúwo tó nínú àyè tí ó gbà, òun náà ni dẹ́ńsítì tí olùkọ́ rẹ̀ ń kọ sójú pátákó. Èyí yé e kí ó tó padà dé. Ti ẹ̀kọ́ òyìnbó ni ó kù, ìtàn ọkùnrin yìí ni a sì fi dá a lóhùn.

Ní ọdún 973 ni wọ́n bí Al-Biruni ní ìlú Kath, olú-ìlú ilẹ̀ Khwarazm, nínú orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Uzbekistan lónìí. Orúkọ tí ó ń jẹ́ yẹn, ará ẹ̀yìn odi ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Pásíà, nítorí pé ẹ̀yìn odi ìlú ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe àárín ìlú. Ọlọ́hun fi olùkọ́ rere kẹ́ ẹ. Abu Nasr Mansur, ọmọ ọba tí ó tún jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìṣirò, ni ó gbà á tọ́ sọ́nà. Kò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí ó wọn bí oòrùn ṣe ga tó lójú ọ̀run lọ́sàn-án gangan, tí ó sì fi èyí ṣírò bí ìlú Kath ṣe jìnnà tó sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ẹ wo ọmọ ọdún 17 tí ẹ mọ̀ ládùúgbò yín.

Ogun kò jẹ́ kí ó gbádùn ìlú rẹ̀ pẹ́. Ní ọdún 995, ọba Gurganj kógun wọ Kath, ó sì gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé olùkọ́ rẹ̀. Al-Biruni sá lọ. Ó rìn káàkiri nínú ìṣẹ́, ó dé ìlú Rayy níbi tí onímọ̀ ìràwọ̀ kan ti fojú tín-ín-rín ìmọ̀ rẹ̀ nítorí pé tálákà ni. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un lẹ́yìn náà, onítọ̀hún di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rìnrìn-àjò kéwú rí mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 997 ó ti padà sí Kath. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, òjìji ayé bo òṣùpá. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ó ti bá Abu al-Wafa tí ó wà ní Bàgídáádì ṣe àdéhùn pé kí kálukú wọn wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ń wo òṣùpá ni yóò rí òkùnkùn náà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n agogo ìlú kan kì í ṣe ti ìlú kejì, nítorí oòrùn kò yọ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ bíi wákàtí kan ni wọ́n rí láàárín ìlú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn sì ń rìn dígírì 15 ní wákàtí kan lójú wa, nítorí náà wọ́n mọ bí Kath ṣe wà ní ìlà-oòrùn Bàgídáádì tó láìfi okùn wọn ilẹ̀. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá ń dìde kí Mọ̀gàríbì ní Òmù-Àrán, àwọn ará Mẹ́kà ti kí Ìṣáì tán.

Ní nǹkan bí àsìkò yìí ni ó kọ ìbéèrè 18 ránṣẹ́ sí Ibn Sina, tí ó fi bí ọdún méje jù lọ. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Ibn Sina lójú ìwé yìí rí, onímọ̀ ìṣègùn ni, ó sì dì mọ́ ọ̀rọ̀ Aristotle ará Gíríìkì gan-an. Ohun tí a fẹ́ràn nínú ìbéèrè Al-Biruni ni pé ohun tí ojú ń rí ni ó fi ń bi í. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ooru a máa mú nǹkan fẹ̀, tí òtútù a sì máa mú un súnkì, kí ló dé tí ìgò tí omi kún inú rẹ̀ fi ń fọ́ nígbà tí omi náà bá dì? Kí ló dé tí omi dídì fi ń léfòó lórí omi? Ìyá tí ó gbàgbé ìgò mínírà sínú fírísà rí ìdáhùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àfọ́kù ìgò ni. Ìdáhùn Ibn Sina kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún fèsì, èsì náà sì mú débi pé ọmọ-ẹ̀yìn Ibn Sina kan ni ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Lónìí a mọ̀ pé omi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nǹkan. Bí ó bá dì, ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i, bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pọ̀ sí i, àyè tí ó gbà ni ó pọ̀ sí i, nítorí náà dẹ́ńsítì rẹ̀ dín kù ó sì léfòó. Èyí tí ó fọ́ ìgò náà ni ó gbé omi dídì sókè.

Ní ọdún 1017 ni Sultan Mahmud ti Ghazna gba Khwarazm. Ibn Sina ti lọ kí ọjọ́ náà tó dé. Wọ́n kó Al-Biruni àti olùkọ́ rẹ̀ lọ sí Ghazna, nílẹ̀ Afghanistan òde òní. Bóyá ẹrú ogun ni tàbí àlejò ọba, ẹnu àwọn òpìtàn kò kò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó gbé e lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1018, ó wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kabul, ó fẹ́ wọn bí oòrùn ṣe ga tó, kò sì ní irin-iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó yí pátákó tí ó fi ń ṣírò padà, ó fa ìlà sẹ́yìn rẹ̀, ó fi okùn so nǹkan kọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kéwú lórí wàláà, ẹ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré.

Nítorí kíbílà ni ó fi kọ ìwé ńlá kan tí ó parí ní ọdún 1025. Ó fẹ́ mọ ibi tí ará Ghazna gbọ́dọ̀ kọjú sí gan-an bí ó bá fẹ́ kírun. Ẹni tí yóò mọ ìyẹn ní láti mọ ibi tí Ghazna wà àti ibi tí Mẹ́kà wà lórí ayé roboto, kí ó sì mọ bí ayé fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ṣáájú rẹ̀, àwọn onímọ̀ tí Khalifa al-Mamun rán jáde ti rìn nínú aṣálẹ̀ Sinjar láti wọn ayé. Al-Biruni wá ọ̀nà tí kò ní í jẹ́ kí ènìyàn rin aṣálẹ̀. Ní odi Nandana, tí ó wà ní ilẹ̀ Pakistan lónìí, ó rí òkè kan tí ó dá dúró, tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ó dúró nísàlẹ̀, ó fi ìṣirò mọ̀ pé òkè náà ga ní ìgbọ̀nwọ́ 652. Ó gun orí rẹ̀, ó wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Bí ayé bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi ìpàdé yẹn kì bá tí rẹlẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdajì dígírì kan. Ohun méjì yìí nìkan, gíga òkè àti dígírì kékeré yẹn, ni ó fi ṣírò rẹ̀ pé láti àárín gbùngbùn ayé dé òde rẹ̀ lé ní ìgbọ̀nwọ́ mílíọ̀nù 12.

Àwọn kan a máa fi iye yìí yangàn pé kò yàtọ̀ rárá sí kìlómítà 6,371 tí àwọn ará òde òní mọ̀. Lójú tiwa, kí a ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹnu kò kò lórí bí ìgbọ̀nwọ́ ìgbà náà ṣe gùn tó, afẹ́fẹ́ sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó sún mọ́ ọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà ni kí ẹ mú, nítorí ọ̀nà náà tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí dẹ́ńsítì. Ẹni tí ó bá ra òrùka wúrà lọ́jà mọ ẹ̀rù tí ó wà níbẹ̀: bóyá wọ́n ti fi bàbà lú u. Al-Biruni ṣe ohun èlò kan fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, ọ̀pá kékeré kan yọ lára ọrùn náà, ó tẹ̀ wálẹ̀. Yóò bu omi kún un títí dé ẹnu ọ̀pá, kò ní í kún jù, kò ní í dín. Lẹ́yìn náà yóò ju wúrà tí ó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Omi tí wúrà náà tì jáde yóò gba ọ̀pá sínú àwo òṣùwọ̀n, àyè tí omi náà gbà sì ni àyè tí wúrà gbà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fi bàbà lú wúrà, omi tí yóò jáde yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí bàbà a máa gba àyè ju wúrà tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọn àwọn irin àti òkúta iyebíye, nǹkan 18. Wúrà tó omi lọ́nà 19 àti díẹ̀, òjé tó o lọ́nà 11 àti díẹ̀, bàbà kò tó 9. Iye tirẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ìwé físíìsì yín. Ó tún kíyè sí i pé omi gbígbóná kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú omi tútù, bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú omi tí kò níyọ̀, nítorí náà omi tí ènìyàn yóò lò ní láti jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ wo ère òkúta ní Èsìẹ́, tí wọ́n kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní ọdún 1945, ẹ ronú sí èyí. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè ha á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun tí ó bá rọ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Rárá o. Bí ẹ bá gé e ní ìwọ̀n àyè kan náà pẹ̀lú òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ fún títì, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí òṣùwọ̀n. Líle lọ́tọ̀, dẹ́ńsítì lọ́tọ̀.

Kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí ejò bá rí òkúta zumurrud aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi dán an wò, nígbà ooru àti nígbà òtútù, ó fi ẹ̀gbà òkúta náà yí ejò lára, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un. Ojú ejò náà kò fọ́.

Àwọn tí ó ń bá jà kò sí nínú ìwé nìkan. Ó ṣe ohun èlò kan fún mímọ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí Ghazna. Àfáà kan kọ̀ ọ́, nítorí oṣù àwọn ará Róòmù ni ó wà lára rẹ̀. Al-Biruni fún un lésì pé àwọn ará Róòmù a máa jẹun, wọn a sì máa rìn lọ́jà, kí ó má ṣe bá wọn ṣe ìyẹn náà. Ìgbà kan sì wà tí àlejò láti ìhà àríwá tí ó jìnnà réré wá sọ fún Sultan Mahmud pé lọ́hùn-ún oòrùn kì í wọ̀ ní àkókò kan nínú ọdún. Inú bí Sultan, ó ka ọkùnrin náà sí aláìgbàgbọ́, nítorí bí oòrùn kò bá wọ̀, báwo ni wọn yóò ṣe kírun? Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ẹ̀mí. Al-Biruni ni ó ṣàlàyé bí ayé roboto ṣe lè mú irú rẹ̀ wá, tí inú Sultan fi rọ̀.

Ó kọ ìwé tí ó lé ní 100, ó kọ́ èdè Sanskrit ó sì kọ ìwé lórí ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n sọ pé nígbà tí ó fi ìwé ìràwọ̀ kan ta Sultan Masud, ọmọ Mahmud, lọ́rẹ, Sultan fi fàdákà ẹrù erin kan ránṣẹ́ sí i, ó sì dá a padà.

Ní nǹkan bí ọdún 1048 ni ó ṣàìsàn ikú ní Ghazna. Àfáà kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a tí èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Al-Biruni bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lórí ìpín ogún, ti ìyá-ìyá, tí wọ́n ti jọ sọ rí tí kò yé e tán. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ náà, ó ní ṣé ní irú àkókò yìí? Ó ní ó sàn kí òun kúrò láyé lẹ́yìn tí òun ti mọ̀ ọ́n ju kí òun lọ láìmọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún un sọ fún un, òun náà kà á padà fún ọ̀rẹ́ náà. Nígbà tí àfáà náà jáde, kò tíì rìn jìnnà lójú ọ̀nà nígbà tí ó gbọ́ igbe ẹkún láti inú ilé náà.